Ta Ni Yóò Fi Ọ̀nà Han Ẹni tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣókùnkùn?

Àwọn àgbà a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà gbà pé ẹni tí a bi léèrè mọ ọ̀nà, àti pé yóò sọ ọ́. Bí ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ bá dákẹ́, kí ni abéèrè yóò ṣe? Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín ní oṣù yìí nìyẹn, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin baálé, àti gbogbo ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ń ka ìwé ẹgbẹ́ wa: ọ̀ràn àwọn tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí wọ́n tọ ẹni tí ń yẹ ojú wò lọ, tí wọ́n sì padà sí ilé láìmọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Olùkọ́ kan ń bẹ ní Máfolúkù tí ó kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà èwe rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé òun kò rí àwọn ọmọ tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kíláàsì mọ́. Àwọn tí ó wà ní àárín nìkan ni ó ń rí, bí ẹni tí ń yọjú wo ìta láti inú ihò. Ó rò pé àárẹ̀ ni. Ó ra awò ojú kan, ó tún ra èkejì. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹni tí ó yẹ ojú rẹ̀ wò sọ fún un pé àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma ni, pé èyí tí ó ti lọ nínú ojú rẹ̀ ti lọ, àti pé kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. Ó san owó, ó dìde, ìyàwó rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́ padà sí ilé.

Ọdún mẹ́rin ni olùkọ́ yìí fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó ń bọ́ ilé láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kejì, ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ni ó di ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni ọmọ náà kò lè lọ sí kíláàsì nítorí pé bàbá ń fẹ́ jáde. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan nínú ìjọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó náà ìdí tí ọkọ rẹ̀ kò fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tí ó wà ní Òṣòdì. Kò sí ẹnìkan nínú ilé náà tí ó mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tí olùkọ́ náà ti ń wọ ọkọ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran.

Ó lọ. Lónìí, ó ń fi ìka ka ìwé, ó ń fi ọ̀pá funfun rìn dé ibùdókọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti padà sí kíláàsì. Nígbà tí a lọ kí i, a bi í pé kí ni ó dùn ún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó dáhùn pé, "Bàbá, kì í ṣe ojú náà ni ó dùn mí jù. Wọ́n sọ ohun tí ojú mi kò lè ṣe mọ́ fún mi. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣì lè ṣe."

A kò dárúkọ ilé tí ó lọ, nítorí pé kì í ṣe láti bá ẹnìkan jà ni a ṣe kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà ni gbogbo ohun tí a ní láti sọ. Iṣẹ́ ẹni tí ń yẹ ojú wò kò parí ní ibi tí agbára awò ojú ti parí. Níbẹ̀ gan-an ni apá kejì iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: kí ó mú ọwọ́ aláìsàn náà, kí ó sì fi lé ọwọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọ bí a ti ń gbé ilé ayé pẹ̀lú ojú tí ó kù, tàbí láìsí ojú rárá.

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à lọ́jú pọ̀, ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ hàn láàrin àwọn méjì tí a máa ń pè ní dókítà ojú. Ọ̀kan ni oníṣègùn tí ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ lórí ojú ní ilé ìwòsàn ńlá. Èkejì ni ẹni tí ń wọn agbára ojú, tí ń wádìí àrùn inú rẹ̀, tí ó sì ń fún ni ní awò. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní optometrist, òun ni àwa yóò sì máa pè ní ayẹjúwò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní yunifásítì ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń gbé awò kiri ọjà. Láti 1989 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń kọ orúkọ àwọn ayẹjúwò sínú ìwé, kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà má ṣe dáwọ́ lé e.

Ayẹjúwò yìí ni a bá sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń kọ́kọ́ kàn. Ará Máfolúkù tí ojú ń yọ lẹ́nu kì í ti ilé rẹ̀ gbọ̀n-ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìdí-Àràbà. Ṣọ́ọ̀bù awò tí ó wà ní òpópó ni ó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ níbẹ̀ bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn létí rẹ̀, kì í wá ẹlòmíràn mọ́, àfi bóyá àwọn tí ń ta àgbo àti omi ìsínlójú tí yóò ba èyí tí ó kù jẹ́.

Ọ̀ràn náà kò kéré. Láàrin 2005 àti 2007, àwọn oníṣègùn rìn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé nínú 100 irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó lé ní 4 tí wọ́n ti fọ́jú. Ìṣirò wọn fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni pé àgbàlagbà tí ó fọ́jú lé ní 1,000,000, àwọn tí kò fọ́jú ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ríran bàìbàì sì tó 3,000,000. Nínú 100 àwọn tí ó fọ́jú, nǹkan bí 84 ni a bá ti dáàbò bò tàbí tí a ṣì lè wò sàn. Nǹkan bí 43 nínú wọn ni àrùn tí ń fi funfun bo ẹyin ojú ṣe é, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 17 ni ti glaucoma, àrùn tí ń jí ojú gbé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín láìsí ìrora. Oògùn àti iṣẹ́ abẹ lè dá olè náà dúró. Wọn kò lè gba ohun tí ó ti jí padà. Ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń le, láàrin àwa ènìyàn dúdú.

Nítorí náà, irú aláìsàn méjì ni ó wà níwájú ayẹjúwò. Ti èkíní, kí ó tètè darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kí ojú lè là. Èyí ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èkejì ni ẹni tí oògùn kò lè dá ojú rẹ̀ padà. Òun ni a sábà máa ń gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ni, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tiwa yìí, a kò lè wí pé kò sí ibi tí a lè darí rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Nigerian Society for the Blind ti wà láti 1955, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní Òṣòdì, ní apá Cappa. Àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà ni a ń gbà síbẹ̀. A ń kọ́ wọn ní ìwé Braille, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà, ní iṣẹ́ ọwọ́, àti ní bí a ti ń fi ọ̀pá funfun rìn láìsí ẹni tí ń fà wọ́n. Fún àwọn ọmọdé, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli wà ní Sùúrùlérè, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1962 fún àwọn ọmọ tí kò ríran àti àwọn tí ń ríran bàìbàì. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ANWAB wà ní Èkó pẹ̀lú, tí ń ṣe ìwé Braille tí ó sì ń kọ́ àwọn afọ́jú ní kọ̀ǹpútà. Ilé ìwòsàn ojú Guinness Eye Centre wà nínú ọgbà LUTH ní Ìdí-Àràbà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń fẹ́ àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin kan ní 2011 nítorí àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí ó dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀ àti láti máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ní oṣù January 2019, ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti yọ aláàbọ̀ ara sílẹ̀ nítorí àbùkù ara rẹ̀, tí ó sì ní kí àwọn iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ipò 5 nínú 100 sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, kànga wà, omi wà nínú rẹ̀, òǹgbẹ sì ń gbẹ ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé kò rí i. Ta ni ó yẹ kí ó fi kànga han ẹni tí kò ríran, bí kì í bá ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò ríran?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a kàn ń fi àwọn ilé wọ̀nyí tu aláìsàn nínú lásán ni, kí ó wo àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀nà hàn. Cobhams Asuquo, tí gbogbo ìlú mọ̀ fún orin, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ni ó ti kàwé. Danlami Basharu, tí ó ti ń darí ANWAB, kò ríran. Síbẹ̀, ní 2019, ó di alága ìgbìmọ̀ Àjọ Àgbáyé tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn àgbà nínú wa sì rántí Kòkòrò, Benjamin Adérounmú, afọ́jú onílù tí ó kọrin kiri ìgboro Èkó títí tí gbogbo ènìyàn fi mọ ohùn rẹ̀, tí ó sì jáde láyé ní 2009. Òun rí ọ̀nà tirẹ̀ nípa ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo afọ́jú ni a dá ní olórin. Agbẹjọ́rò ni òmíràn ìbá jẹ́, olùkọ́ ni òmíràn, oníṣòwò ni òmíràn. Nígbà tí a kò bá fi ọ̀nà hàn wọ́n, a mọ ibi tí díẹ̀ nínú wọn ń já sí: abẹ́ afárá Òṣòdì, pẹ̀lú ọmọ kékeré kan tí ń fà wọ́n láàrin àwọn ọkọ̀, tí ń nawọ́ fún wọn. Afọ́jú kan ni a ń wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà méjì ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọ náà kì yóò mọ̀wé.

Kò sí ohun àjèjì nínú ohun tí a ń béèrè. Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí a bá rán sí ìlú tí kò mọ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Àrokò a máa wà lọ́wọ́ rẹ̀: owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn, tàbí ìyẹ́, tàbí ohun mìíràn tí ẹni tí a rán an sí yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá ti fi í hàn, a mọ ẹni tí ó rán an, a mọ ohun tí ó ń fẹ́, a sì gbà á sílé. Ìwé ìdarí tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ayẹjúwò kò ju àrokò lọ. Ẹni tí ó ní kí afọ́jú máa lọ láìfún un ní àrokò ti rán an sí ìrìn-àjò tí kò ní ibi tí yóò dé.

Àwọn òyìnbó tí àwọn ayẹjúwò wa kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wọn ti mọ èyí. Ní Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, bí ojú ènìyàn bá bàjẹ́ dé ìwọ̀n kan, oníṣègùn ojú a fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan, ìwé náà a sì lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, kí wọ́n lè wá a lọ sí ilé. Ayẹjúwò tí ó wà ní òpópó náà ní ìwé tirẹ̀ tí ó lè fi lé aláìsàn lọ́wọ́, kódà kí ó tó dé ilé ìwòsàn, èyí tí aláìsàn yóò fi béèrè ìrànlọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ojú, a fi òṣìṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ yàrá dókítà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti wo ojú rárá, bí kò ṣe láti jókòó ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn búburú, kí ó gbọ́ ẹkún rẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí yóò yà sí fún un. Ẹgbẹ́ RNIB, tí a dá sílẹ̀ ní 1868, ti ṣiṣẹ́ gidigidi kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pọ̀. A kò wí pé kí a dúró de ìgbà tí owó wa yóò tó tiwọn. Ìwé kan, bírò kan, àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ń béèrè.

Ohun tí a dá lábàá fún àwọn ayẹjúwò wa nìyí.

Èkíní, kí wọ́n má ṣe bi aláìsàn léèrè nípa lẹ́tà ara ògiri nìkan. Kí wọ́n bi í pé: Ǹjẹ́ ẹ ń rí owó kà? Ǹjẹ́ ẹ lè sọdá títì? Ǹjẹ́ ẹ ṣì ń dáná? Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe, ó ha sì ń ṣe é ṣe? Ìdáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò fi irú ìrànlọ́wọ́ tí aláìsàn ń fẹ́ hàn.

Èkejì, kí wọ́n má ṣe dúró di ìgbà tí ojú bá kú tán. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ń ríran bàìbàì ni ó rọrùn jù láti kọ́. Awò tí ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá wà fún un, fìtílà tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa wà fún un, ohùn sì wà nínú àwọn fóònù ayé ìsinsìnyí tí ń ka ohun tí ó wà lójú wọn jáde, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni wọ́n kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí ayẹjúwò tẹ̀ ẹ́ kí aláìsàn gbọ́ ọ kí ó tó dìde.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ìwé ìdarí náà ní ẹ̀dà méjì, kí orúkọ ilé tí a ń darí rẹ̀ sí, ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀, àti ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ ṣì ń rí wà nínú rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ tí a fún ẹni tí kò ríran ní ìwé tí a fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ, bí ẹni pé a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi kí ó sì dúdú. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí Yorùbá jẹ́ èdè rẹ̀. Kí a sì kà á sí i létí kí ó tó lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n pe ilé náà lórí fóònù nígbà tí aláìsàn ṣì jókòó níwájú wọn, kí ó gbọ́ ohùn ẹni tí yóò gbà á. Ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá lónìí kò ní agbára láti wá ilé kiri lọ́la. Lẹ́yìn oṣù kan, kí wọ́n tún pe aláìsàn náà láti mọ̀ bóyá ó dé ibẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n pe ará ilé rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó tí ń bẹ̀rù pé ọkọ òun yóò ṣubú ni ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni ó máa ń gba ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ń sọ àgbàlagbà di ọmọ ọwọ́ ni.

A mọ èsì tí àwọn ayẹjúwò yóò fún wa. Wọn yóò wí pé àwọn aláìsàn pọ̀, owó ìyáwó ṣọ́ọ̀bù wọ́n, kò sì sí ẹni tí ń san owó ìwé ìdarí fún àwọn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra awò méjì lọ́wọ́ ènìyàn nígbà tí ìrètí ṣì wà kò yẹ kí ó lọ láìní ọ̀rọ̀ ìtọ́nà nígbà tí ìrètí awò tán. Wọn yóò tún wí pé, bí àwọn bá darí aláìsàn sí ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú, yóò rò pé àwọn ti fi òkùnkùn ṣe ìdájọ́ rẹ̀, yóò sì bínú. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà, afọ́jú, ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wa ju àrùn náà lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tètè bẹ̀rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn: kì í ṣe pé a ti jáwọ́ nínú ìwòsàn, bí kò ṣe pé a fi ọwọ́ kejì kún un. Àwọn mìíràn yóò sì wí pé àwọn ilé tí a kà wọ̀nyí kò tó, àyè wọn kò sì gba gbogbo ènìyàn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í kọ́ ilé fún ẹni tí a kò kà. Ìwé ìdarí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí pé ẹnìkan ń bẹ tí ń dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Kí a má ṣe bá àwọn ayẹjúwò nìkan wí. Àwa tí a wọ aṣọ àlùfáà ní ẹ̀bi tiwa. Àwọn kan nínú wa ti ní kí aláìsàn ojú da oògùn nù kí ó lè fi ìgbàgbọ́ hàn, wọ́n sì pa á mọ́ sí ibi ìṣọ́-òru títí tí glaucoma fi parí iṣẹ́ rẹ̀. A gbàgbọ́ nínú àdúrà. Àwa fúnra wa ń gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Sọ́ọ̀lù fọ́ ní ọ̀nà Dámásíkù, àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò fi í sílẹ̀ nínú eruku kí wọ́n máa kọrin. Wọ́n fà á lọ́wọ́ dé inú ìlú, sí ilé tí a lè rí i. Òfin Mósè sì fi ègún lé ẹni tí ó bá mú afọ́jú ṣìnà. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí kò sì sọ ọ́, ó ha jìnnà sí ègún náà bí?

Ní ìparí, a yíjú sí ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Kí ẹgbẹ́ wa tẹ ìwé pélébé kan ní lẹ́tà ńlá, ní Yorùbá, tí orúkọ àti àdúgbò àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, kí a sì mú un dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù awò ní Máfolúkù, Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, dé ọwọ́ àwọn ìyálọ́jà, dé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Kí ẹ̀yin ìjòyè ní kí a mú orúkọ àwọn tí kò ríran ní àdúgbò yín wá, kì í ṣe láti fún wọn ní owó ọdún nìkan, bí kò ṣe láti mọ èwo nínú wọn ni kò ì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Àti ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ayẹjúwò ní yunifásítì, ẹ bi í léèrè bí a bá ti mú un dé ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú rí. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ mú un lọ.

Nígbà tí a dìde láti kúrò ní ilé olùkọ́ Máfolúkù náà, òun ni ó sìn wá dé ìta pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀, nítorí pé iná ti lọ, òkùnkùn sì ti ṣú. Àwa tí ojú wa là ni a ń táràrà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ rọra, Bàbá," ni ó wí, "àtẹ̀gùn wà níbẹ̀." Ó mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́ fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni kí gbogbo ẹni tí ó mọ ọ̀nà máa ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.